Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ti ara mi síta sáfà

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń fi SSH (ọ̀nà ààbò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) wọ sáfà Debian mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Linux. Láàná mo wo lọ́ọ̀gì ẹ̀ (àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gbìyànjú láti wọlé), àyà mi já, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi "root", orúkọ ọ̀gá àgbà sáfà, kanlẹ̀kùn ṣáá. Mo fẹ́ yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò, kí n máa lo kọ́kọ́rọ́ (fáìlì tó ń jẹ́rìí pé èmi ni), báwo ni?

Bàbá Kétu: Àbúrò, má fòyà. Orí kọ̀ǹpútà tìẹ ni kó o ti tẹ ssh-keygen -t ed25519, fáìlì méjì ló máa jáde, èyí tó parí sí .pub nìkan ni ssh-copy-id máa gbé lọ sórí sáfà, èkejì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ láéláé, kódà má fi ránṣẹ́ sí ara ẹ lórí WhatsApp. Tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá ti ń ṣílẹ̀kùn, wá kọ PasswordAuthentication no (má gba páásíwọ́ọ̀dù mọ́) sínú /etc/ssh/sshd_config lórí sáfà, fi sudo sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò, kó o tó tún ssh tàn.

Ìyá Ṣábẹ: Òótọ́ ni bàbá sọ. Àmọ́ má ti fèrèsé SSH tó o ti fi wọlé o! Ṣí òmíràn, fi dán an wò ná. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi wà níta nígbà kan torí mo fi 777 (àyè fún gbogbo ènìyàn láti kọ nǹkan síbẹ̀) sí fódà .ssh lórí sáfà, ni SSH ò bá gba kọ́kọ́rọ́ mi mọ́. 700 ló yẹ (ìwọ nìkan ló láyè), kí authorized_keys, fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ .pub wà nínú ẹ̀, jẹ́ 600 (ìwọ nìkan ló lè kà á tàbí kọ ọ́).

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó ti wọlé! Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà.