Ilé Àgùdà l'Ékòó: báwo la ṣe ń ya fọ́tò wọn tí wọn ò fi ní dà bí ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀?

Ọmọ Campos béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Àdúgbò Campos ni mò ń gbé. Mo fẹ́ ya fọ́tò àwọn ilé Àgùdà (ìyẹn ti àwọn tó padà dé láti Brazil) tó ṣẹ́kù láyìíká wa: Water House ní Kakawa, Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, àti àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, tí wọ́n wà káàkiri Pópó Àgùdà. Kámẹ́rà APS-C (èyí tí sensor rẹ̀ mọ níwọ̀n) ni mo ní, lẹ́ńsì 18-55mm ló bá a wá: 18 ló fẹ̀ jù, 55 ló ń fa nǹkan mọ́ra jù. Fóònù mi ní lẹ́ńsì méjì.

Gbogbo ilé ló ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú fọ́tò, ìsàlẹ̀ á fẹ̀, òkè á fún. Ọnà tí wọ́n fi simẹ́ǹtì ṣe sí etí fèrèsé kì í hàn rárá, ògiri á kàn rí pẹlẹbẹ bíi páálí. Ojú ọ̀run a máa funfun báláú, wáyà iná á sì gba gbogbo rẹ̀ kan. Kí ni kí n ṣe sí i?

Ojú Lẹ́ńsì fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Lẹ́ńsì yín kọ́ ló jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti gbé imú kámẹ́rà sókè kí òkè ilé lè wọlé, sensor (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán) ti dagun nìyẹn, òkè ilé á wá jìnnà sí i ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tó bá sì jìnnà á kéré. Bí ẹ̀yìn kámẹ́rà bá dúró ṣánṣán bí ògiri ṣe dúró, ògiri ò ní tẹ̀. Level, ìlà tó ń fi hàn bóyá kámẹ́rà dúró ṣánṣán, wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àti fóònù, ẹ tàn án, ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n.

Bí ẹ ò bá wá gbé e sókè, ṣé òkè ilé á wọlé? Ìṣirò ló máa sọ. Ẹ dá kámẹ́rà yín dúró lóòró, kí lẹ́ńsì wà ní 18mm. Bí ẹ bá fi mítà 10 jìnnà sí ògiri, ohun tí ẹ máa rí lókè ojú lẹ́ńsì jẹ́ mítà 6.5. Ẹ fi mítà 1.6 kún un, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà wà láti ilẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 8, ó sì lè ká ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan dé etí òrùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òpópó Pópó Àgùdà ò fẹ̀ tó mítà 10. Ní mítà 7, mítà 6 péré ni fọ́tò yín máa ká, orí ilé á gé.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Lẹ́ńsì fífẹ̀ inú fóònù, èyí tí wọ́n ń kọ 0.5 sí, lè ká nǹkan bíi mítà 11 láti mítà 7. Ìdajì ìsàlẹ̀ fọ́tò á kún fún títì, ẹ gé e dànù. Èkejì: ẹ ya fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìkọ̀ọ̀kan gun orí èkejì tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ wá fi Hugin so wọ́n pọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń so fọ́tò pọ̀ ni Hugin, ọ̀fẹ́ sì ni. Ojú lẹ́ńsì ni kí ẹ fi ṣe ibi tí ẹ ti ń yí kámẹ́rà, ẹ má ṣe máa gbé ọwọ́ sókè sódò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà tó wà nítòsí á gé sí méjì níbi tí fọ́tò ti pàdé.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ẹ gun òkè. Bí ẹ bá rí bákónì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé òdìkejì, tí lẹ́ńsì wà ní mítà 5 sílẹ̀, 18mm láti mítà 10 á rí láti ilẹ̀ títí dé mítà 11, láìgbé imú kámẹ́rà sókè rárá. Ojú tí ayàwòrán ilé fi ń wo ilé nìyẹn.

Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé e sókè, ẹ fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, torí bí ẹ bá fi ètò àtúnṣe fọ́tò bíi darktable tàbí Snapseed tọ́ ọ, etí méjèèjì á gé lọ. Ẹ má sì tọ́ ọ tán pátápátá bí ilé bá ga. Bí ẹ bá tọ́ ọ tán, òkè rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó wú. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òkè jìnnà.

Fèrèsé Àgùdà fèsì:

Ti ọnà tí kì í hàn ni tèmi. Oòrùn l'Ékòó ní ìwà tirẹ̀, ìmọ̀ràn tí àwọn ará ilẹ̀ olótùútù ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì bá a mu. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Àwa ń gbé ní digírì 6 àti ààbọ̀ péré sókè ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn máa ń kọjá orí wa lọ sí àríwá, á tún padà sí gúúsù. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ló ti ń yọ tó sì ń wọ̀. Oṣù mẹ́fà tó kù, apá gúúsù ni. Ní ìparí oṣù kẹfà àti ìparí oṣù kejìlá, ibi tó ti ń yọ á yà kúrò ní ìlà oòrùn gan-an tó digírì 23.

Ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ńpáàsì fóònù yín wo ibi tí ojú ilé kọ sí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tó kọjú sí gúúsù, ìgbà ọyẹ́ ni tirẹ̀: ní oṣù kejìlá, oòrùn á wà lára rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ilé tó kọjú sí àríwá, oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ ni kí ẹ lọ bá a, ìgbà òjò sì ni, nítorí náà ẹ ní láti máa ṣọ́ ọ. Òjò máa ń dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n àwọsánmà ṣì máa ń bo ojú ọ̀run. Bí ẹ bá fi ilé àríwá sílẹ̀ di oṣù kọkànlá, inú òjìji lẹ máa bá a ní gbogbo ọjọ́.

Òjìji ló ń fi ọnà hàn. Bí oòrùn bá kọjú sí ògiri tààrà, ọnà á sọnù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Bí oòrùn bá fẹ̀gbẹ́ kan ògiri ní nǹkan bíi digírì 30 sí 45, etí fèrèsé tó yọ síta sẹ̀ǹtímítà 3 á ta òjìji tó tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sára ògiri, gbogbo òdòdó àti ìlà tí àwọn bíríkìlà ìgbà náà fi ọwọ́ ṣe á dìde. Fún ilé tó kọjú sí ìlà oòrùn, ìyẹn kì í ṣe agogo 7 àárọ̀ o. Ní agogo 7, oòrùn ń wo ojú ilé náà tààrà. Agogo 9 sí 10 ni kí ẹ lọ, tí oòrùn ti ga díẹ̀, kí òjìji lè máa ṣubú sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn agogo 10 àti ààbọ̀, etí òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilé mì. Bí etí òrùlé bá yọ síta sẹ̀ǹtímítà 60, òjìji rẹ̀ á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 nígbà tí agogo 10 ku díẹ̀. Tó bá di agogo 11, ó ti gùn tó mítà kan lé díẹ̀, ó ti bo orí fèrèsé òkè. Ẹ rántí pẹ̀lú pé agogo 12 kọ́ ni oòrùn ń dé àtàrí níbí. Ní nǹkan bí agogo 12:45 ni, ó lè tó agogo 1 ní oṣù kejì. Fún ilé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ yí ìṣirò náà padà: agogo 3:30 sí 4:30 ìrọ̀lẹ́.

Ojú ọ̀run funfun: ọyẹ́ ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rinrin ni nígbà òjò. Kò sí bí ẹ ṣe lè mú un bulu nínú kọ̀ǹpútà kó má dà bí irọ́. Ẹ dín in kù nínú fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́, ẹ jáde ní àárọ̀ tó tẹ̀lé alẹ́ tí òjò ńlá rọ̀, pàápàá ní oṣù kẹwàá. Òjò ti fọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ nígbà yẹn.

Ojú Lẹ́ńsì fèsì:

Òótọ́ ni ẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti títò kámẹ́rà kún un: f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀, ihò ń kéré), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe). Ní orí APS-C, bí ẹ bá kọjá f/11, fọ́tò ò ní hàn ketekete mọ́, eruku orí sensor á sì hàn bí àmì dúdú lójú ọ̀run. Ògiri funfun tó kún inú fọ́tò máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á yà á bí eérú. Ẹ fi +0.7 sí +1 kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ (exposure), kí ẹ wo histogram, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn, kí apá ọ̀tún rẹ̀ má gé. Bí bákónì bá ṣókùnkùn tí ògiri sì ń tàn, ẹ ya mẹ́ta ní exposure -2, 0, +2, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Wáyà Iná fèsì:

Nípa wáyà: ẹ má fi gbogbo ọjọ́ pa á rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ sún mọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ wáyà wọ̀nyẹn ń gba àárín títì kọjá, tàbí etí òpópó. Bí ẹ bá dúró sí ìsàlẹ̀ wọn tàbí kọjá wọn síhà ilé, ẹ̀yìn yín ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì fífẹ̀ fi wúlò níbí. Àmọ́ mi ò fara mọ́ 0.5 fóònù fún ọnà ara ògiri: igun rẹ̀ máa ń fa nǹkan gùn, òdòdó yíyípo á di ẹyin. Ẹ fi ya gbogbo ilé, kí ẹ fi 55mm ya fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní ìkọ̀ọ̀kan láti òdìkejì títì.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ jáde. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, dánfó ò pọ̀, tábìlì àwọn ìyá ọlọ́jà ò tíì bo ẹsẹ̀ ògiri.

Ọmọ Campos:

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń kọ ti kọ́ńpáàsì sílẹ̀. Ti àṣẹ wá ńkọ́? Mo fẹ́ wọ àgbàlá àwọn ilé kan, mo sì fẹ́ ya mọ́ṣáláṣí náà dáadáa. Ẹnì kan tún ní kí n yá drone, kámẹ́rà tó ń fò.

Àgbà Pópó fèsì:

Àbúrò, fi drone sílẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè) àti NCAA (àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú), orí òrùlé tí wáyà kún bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ ọ.

Ilé Àgùdà, ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọlé, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o ní “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà,” kí o tó yọ kámẹ́rà. Béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, má gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀dọ́ kan kí o rò pé ó tán. Sọ ohun tí o fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe. Ẹ̀rù ọ̀pọ̀ ẹbí ni pé ẹni tó ń ya ilé fẹ́ tà á, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n wo ohun tí o yà, kí o sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn. Ìwé fọ́tò kan tó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà máa ń ṣí ilẹ̀kùn ilé mìíràn.

Ní ti mọ́ṣáláṣí, má lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, má sì ya ẹni tó ń kírun. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o, bọ́ bàtà bí wọ́n bá jẹ́ kí o wọlé. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. João Baptista da Costa, tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, ló darí iṣẹ́ ìkọ́lé rẹ̀. Nítorí náà, ya ọnà iwájú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi wé ti àwọn ilé Kakawa lè rí i. Má sì kọjú kámẹ́rà sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí bárékè, bó ti wù kí ògiri wọn gbó tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ́kàn ni èyí: má ya iwájú nìkan. Ilojo Bar ní Tinubu Square, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Fọ́tò iwájú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹni kan bá fẹ́ tún un kọ́ lónìí, fọ́tò àtẹ̀gùn, ìdè ilẹ̀kùn àti bí igi òrùlé ṣe wọ ògiri ni yóò wá kiri. Fún ilé kọ̀ọ̀kan, ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àyè bá wà, igun kọ̀ọ̀kan, fèrèsé kan látòkè délẹ̀, ilẹ̀kùn, irin bákónì, àtẹ̀gùn, abẹ́ òrùlé, àti ibi tí ògiri ti ń là. Fi rúlà ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọnà nínú fọ́tò kan, kí o tún ya òmíràn láìsí i.

Fèrèsé Àgùdà fèsì:

Ẹ ṣé, Àgbà. Ohun kékeré kan tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ púpọ̀: kámẹ́rà tó jáde láti inú ọkọ̀ tàbí yàrá tó ní AC máa ń làágùn bó bá kan ooru ìta. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú báàgì tí wọ́n pa dé fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ má fi aṣọ nu ún, ọ̀rinrin á padà, eruku á sì ha gíláàsì. Nílé, ẹ tọ́jú lẹ́ńsì sínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú silica gel (hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu), torí ìgbà òjò Èkó máa ń hu èbu sínú lẹ́ńsì, bó bá sì ti hù, ṣàṣà ni èyí tó ń lọ tán. Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta.

Wáyà Iná fèsì:

Ẹ sọ orúkọ fáìlì lọ́jọ́ kan náà: òpópó, nọ́ńbà ilé, ibi tí ojú ilé kọ sí, ọdún-oṣù-ọjọ́. Ẹ̀dà kan sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan sórí hard drive tó wà ní ilé mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kí aráyé rí i lò, Wikimedia Commons, ibi ìkó fọ́tò ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á gbà á lábẹ́ CC BY-SA 4.0 (àṣẹ tó jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó, bó bá dárúkọ yín tó sì fi àṣẹ kan náà sórí tirẹ̀), ìdíje fọ́tò ilé àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Wiki Loves Monuments sì máa ń wáyé ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tí ògiri rẹ̀ ti ń là, kí ẹ fi Water House sí ìkẹyìn.