Ẹ̀kọ́ nípa àfòmọ́ inú omi: ṣé ènìyàn lè fi í ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀?

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi fẹ́ máa ṣe ìwádìí lórí àwọn àfòmọ́, ìyẹn aràn kéékèèké tí ń jẹ lára ẹ̀dá mìíràn, tí ń gbé inú ẹja àti ìṣáwùrú ọ̀sà Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rí èrè kankan níbẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Olùkọ́ Kétu:
Ẹ sọ̀rọ̀ Kevin Lafferty, onímọ̀ nípa àfòmọ́ ní Amẹ́ríkà, fún un. Ní 1996, òun àti Kimo Morris fi hàn pé ẹja kékeré tí àfòmọ́ kan bá ti bo ọpọlọ rẹ̀ máa ń yí gbiri lójú omi, tí ẹyẹ sì ń gbé e jẹ ní ìlọ́po 10 sí 30 ju èyí tí ara rẹ̀ dá lọ. Inú ẹyẹ náà ni àfòmọ́ ọ̀hún ti ń dàgbà, tí ẹyin rẹ̀ sì ń bá ìgbẹ́ ẹyẹ padà sọ́dọ̀ ìṣáwùrú. Ìyẹn yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ní 2008, Armand Kuris, Lafferty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i ní etíkun Kalifọ́níà àti Mẹ́síkò pé àwọn ọmọ àfòmọ́ tí ń jáde lára ìṣáwùrú lọ́dún kan wúwo ju gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ lọ.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ ni olùkọ́ sọ. Níwọ̀n bí àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ ti nílò ìṣáwùrú, ẹja àti ẹyẹ kí ó tó lè pé ìgbésí ayé rẹ̀, ibi tí oríṣiríṣi wọn bá pọ̀ sí sábà máa ń jẹ́ ibi tí ohun abẹ̀mí yòókù ṣì pé. Ẹ rán bàbá náà létí pẹ̀lú pé ara ìṣáwùrú inú omi ni àfòmọ́ tí ń fa àrùn tí ń mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.