Irun ìwo eṣinṣin máńgòrò ń tẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lábẹ́ SEM (maikirosikóòpù tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ìwo orí (antenna) Bactrocera dorsalis ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú máńgòrò tí ìdin á fi ba gbogbo inú ẹ̀ jẹ́, mo fẹ́ ka irun tó fi ń gbóòórùn lórí oríkèé kẹta ìwo yẹn, ti akọ àti ti abo. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi máa gbé e sábẹ́ SEM, oríkèé yẹn á ti hunjọ, àwọn basiconica (irú irun kúkúrú) tí ara wọn fẹ́lẹ́ á ti tẹ́, mi ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára trichoidea (irú irun gígùn tó mú ṣóńṣó) mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an. Mo ti fi ethanol 70%, 80%, 90% dé 100% fa omi ara ẹ̀, ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀ kí n tó fi góòlù bò ó, pàbó. Mo tún kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú glutaraldehyde (kẹ́míkà tó ń mú ẹran ara le) mọ́jú, ó sàn díẹ̀ ni. Láàbù wa ò ní critical point dryer (ẹ̀rọ tó ń gbẹ nǹkan láìjẹ́ kó hunjọ), HMDS (kẹ́míkà olómi tí wọ́n ń fi gbẹ nǹkan dípò ẹ̀rọ yẹn) nìkan ló wà. Ẹni tó bá ti lò ó fún ìwo eṣinṣin rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ ethanol ni àbí ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó lẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀?