Nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì ńlá bá sọnù láìsí ìròyìn: ìrírí wa lẹ́nu àyẹ̀wò path MTU

Olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì:

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìrírí tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ mọ́ path MTU, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì (ẹyọ dátà) tó tóbi jù lọ tí ọ̀nà kan lè gbé kọjá, lórí ìsopọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ka iléeṣẹ́ méjì. A máa ń fi SSH (ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn) wọlé láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kí ó to orúkọ fáìlì tó pọ̀ jáde, ìsopọ̀ náà á dákẹ́ lójijì. Ping lásán, ìyẹn ìdánwò tó ń rán pákẹ́ẹ̀tì lọ tó sì ń retí ìdáhùn, ń lọ, ó sì ń bọ̀, kò sí èyí tó sọnù. Nígbà tí mo wá ní kí ó gbé ẹrù 1472 báìtì láìfọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ìyẹn `ping -M do -s 1472` lórí Linux, kò sí ẹyọ kan tó dé. Mo ń dín ẹrù náà kù títí ó fi kọjá ní 1464. Bí a bá fi 20 báìtì ti orí (header) IPv4 àti 8 ti orí ICMP (ìlànà tí ping àti ìròyìn àṣìṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò) kún un, ó di 1492. Ìwọ̀n PPPoE (ìlànà kan tí àwọn olùpèsè íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń so oníbàárà pọ̀) gan-an nìyẹn, nítorí PPPoE máa ń gba báìtì 8 nínú 1500 ti Ethernet.

Pé pákẹ́ẹ̀tì sọnù kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Bí RFC 1191, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, ṣe là á kalẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ó sì ní àmì DF (“má fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́”) lára yóò ṣáà sọnù ni: rúútà tí kò lè gbé e kọjá yóò dà á nù, yóò sì rán ICMP type 3 code 4 padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́, kí ẹni náà lè mọ ìwọ̀n tí ọ̀nà iwájú gbà. Ìròyìn yìí ni kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi tcpdump (irinṣẹ́ tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá hàn) ṣọ́ ọ pẹ̀lú asẹ́ `icmp[0]=3 and icmp[1]=4`, n kò rí nǹkan kan. Ìgbẹ̀yìn ni mo tó rí firewall (ẹ̀rọ ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan láàárín ọ̀nà tí wọ́n ti pa láṣẹ pé kí ó gba echo (ìbéèrè àti ìdáhùn ping) nìkan, kí ó sì da gbogbo ICMP yòókù nù. Ìdí nìyí tí ping kékeré fi ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ lórí ohun tí kò dára.

Onídánwò:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, iye ìpàdánù tí ping ń kọ sísàlẹ̀ kò ṣe é gbọ́kàn lé rárá nínú irú àyẹ̀wò yìí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ètò kan ń ka ìpàdánù ping oní-DF, ó sì ń pariwo lọ́sàn-án lóru, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà náà kò ní àrùn kankan. Bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá ti mọ̀ pé ọ̀nà kéré, kò ní fi pákẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ rárá, yóò kàn kọ "message too long" ni. Bí rúútà bá dáhùn, ẹ ó rí "Frag needed and DF set", ara yá nìyẹn, bí ping tilẹ̀ kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ sọnù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni ká bẹ̀rù.

Ẹ má sì gbàgbé pé Linux máa ń rántí ìwọ̀n tó bá kọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 600, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí èsì àyẹ̀wò kejì wá láti inú ìrántí, kì í ṣe láti ojú ọ̀nà. Mo máa ń fi `ip route get` wo ohun tó rántí, màá sì fi `ip route flush cache` nù ún kúrò kí n tó tún un ṣe. Ohun mìíràn tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni pé ìdáhùn ping ń gbé ẹrù kan náà padà. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá yàtọ̀ sí ọ̀nà àlọ, tí ó sì há jù ú lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà pàdé, àfi kí ẹnì kan fi tcpdump ṣọ́ ìkángun kejì kí ẹ tó mọ apá ibi tó ti sọnù.

Alákòóso ibi ìpamọ́ dátà:

Firewall kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa wà lórí MTU 9000, a sì máa ń fi ẹrù 8972 dán an wò. Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀) kan, ẹrù ńlá kò kọjá mọ́, kò sì sí ICMP kankan. Kò tilẹ̀ lè sí, nítorí kọ̀ǹpútà méjèèjì wà lórí subnet (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan náà, kò sí rúútà láàárín wọn, switch kì í sì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá da fréèmù (àpò Ethernet tó gbé pákẹ́ẹ̀tì) nù. Nínú àkọsílẹ̀ ojú-ìhò switch náà ni a ti rí i pé iye fréèmù tó tóbi jù ń lọ sókè, nítorí pé wọ́n fi ojú-ìhò kan sílẹ̀ sórí 1500.

Ẹlẹ́rọ IPv6:

Lórí IPv6, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí rúútà ojú ọ̀nà kì í fọ́ pákẹ́ẹ̀tì rárá. Bí ẹ bá dí ICMPv6 type 2, ìyẹn ìròyìn pé pákẹ́ẹ̀tì tóbi jù, kò sí ọ̀nà àbáyọ tó dájú ju kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí 1280, tí í ṣe ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí ọ̀nà IPv6 gbọ́dọ̀ gbà. RFC 4890 ti ọdún 2007 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọ́dọ̀ da ìròyìn yìí nù.

Èyí tó fìyà jẹ mí jù ni ti sáfà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà kan ń rí ojú ìwé wa, àwọn mìíràn kò rí i, bẹ́ẹ̀ a kò dí ICMP kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìròyìn náà ń wá láti ọ̀dọ̀ rúútà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ oníbàárà, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ á gbé e fún sáfà tí ọ̀rọ̀ kò kàn, tí ìyẹn á sì jù ú nù. RFC 7690 ṣàlàyé ìṣòro yìí dáadáa. Sísọ MSS (iye dátà tó pọ̀ jù lọ tí pákẹ́ẹ̀tì TCP kan lè gbé) kalẹ̀ lórí àwọn sáfà náà ni a fi gba ara wa.

Olùtọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì:

Ọ̀nà yẹn ni àwa náà kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó ṣí firewall ọ̀hún: a ní kí rúútà máa rẹ MSS sílẹ̀ sí 1452 nínú SYN (pákẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí ìsopọ̀ TCP) tó bá ń kọjá, a sì fi `tcp_mtu_probing` sí 1 lórí àwọn sáfà, kí TCP lè máa wá ìwọ̀n fúnra rẹ̀ bí ó bá fura pé ìròyìn kò dé. TCP nìkan ni méjèèjì ràn lọ́wọ́ o. Tunnel WireGuard (VPN tó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì sínú pákẹ́ẹ̀tì mìíràn) tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò mọ nǹkan kan nípa MSS ti ìta, ó sì wà lórí MTU 1420 tó bá ọ̀nà 1500 mu. A ní láti fi ọwọ́ wa sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1412, nítorí pé ó ń gba 80 báìtì bí ó bá gba orí IPv6 lọ. Bí ó bá jẹ́ IPv4 nìkan ni yóò máa gbà, 60 báìtì ni, 1432 ì bá sì tó.