Ìdánwò búráúsà yege lórí láptọ́ọ̀pù mi, ó kùnà lórí sáfà: ohun tí ojú mi rí ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Mo fẹ́ sọ ìrírí mi lórí ìdánwò búráúsà tí a ń ṣe lórí sáfà tí kò ní ojú ìwòran, nítorí mo mọ̀ pé ó ń dààmú ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń dá iṣẹ́ ṣe tí ẹ kò sì ní ẹni tí ẹ lè pè lóru.

Tanke ni mo ń gbé. Ìkànnì tí mo ń bójú tó ni àwọn ahunṣọ kan ní ìgboro Ìlọrin fi ń ta aṣọ òkè: oníbàárà yóò yan sányán, ẹtù tàbí àlàárì, yóò yan ìlú tí a óò gbé e lọ bá a, yóò sì sanwó. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo tún ohun kékeré kan ṣe nínú kóòdù, bọ́tìnnì ìsanwó kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá kan tó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ rà á níbòmíràn. Owó ahunṣọ ni ó sọnù, kì í ṣe tèmi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára. Mo pinnu pé kóòdù kankan kò ní dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ rajà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí ìkànnì náà bí ènìyàn ṣe ń rà á.

Selenium, ètò tó ń darí búráúsà bí ẹni pé ènìyàn ń lò ó, ni mo lò. Ó ti wà láti ọdún 2004, W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, sì ti sọ WebDriver, èdè tó fi ń bá búráúsà sọ̀rọ̀, di ìlànà gbogboogbò ní ọdún 2018, nítorí náà àṣẹ kan náà ni Chrome àti Firefox ń gbọ́. Mo kọ ìdánwò 23. Gbogbo wọn yege lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì ń fi ojú ara mi wo bí búráúsà ṣe ń ṣí, tó ń tẹ bọ́tìnnì, tó ń tì. Mo fi kóòdù ránṣẹ́ sí sáfà CI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá fi í ránṣẹ́. Ìdánwò àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú àkọsílẹ̀ ni pé búráúsà kò rí display kankan ṣí.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò. Lórí Linux, búráúsà kì í dá kun àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń béèrè lọ́wọ́ ètò mìíràn, tí a ń pè ní X, pé níbo ni kí òun kun ún sí, ètò kékeré tó ń jẹ́ DISPLAY sì ni ó ń tọ́ka ibẹ̀ fún un. Sáfà kò ní ojú ìwòran, kò sí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó tan X níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà. Èkíní ni Xvfb, tó jẹ́ X tòótọ́, àmọ́ inú mẹ́mórì ni ó ń kun àwòrán sí dípò ojú gíláàsì. Èkejì ni kí búráúsà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí fèrèsé, èyí tí a ń pè ní headless. Ọdún 2017 ni èyí dé inú Chrome 59 àti Firefox 55 lórí Linux. Ṣáájú ìgbà náà, PhantomJS, búráúsà mìíràn tí kò ní fèrèsé, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò.

Xvfb ni mo kọ́kọ́ lò, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo fi xvfb-run -a ṣáájú àṣẹ mi. Ẹ má gbàgbé -a yẹn. Òun ni ó ń wá nọ́ńbà display tó ṣófo. Láìsí i, bí iṣẹ́ méjì bá pàdé lórí sáfà kan náà, àwọn méjèèjì yóò fẹ́ gba nọ́ńbà 99, ọ̀kan yóò sì ṣubú. Nígbà tó yá ni mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí headless, nítorí láti Chrome 112 ní ọdún 2023, --headless=new ń lo ara búráúsà gan-an, kì í ṣe ẹ̀dà mìíràn tí a kọ lọ́tọ̀ bíi ti àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí, headless ni màá ní kó kọ́kọ́ gbìyànjú.

Búráúsà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àmọ́ ìdánwò 9 nínú 23 ń kùnà, wọ́n sì ń sọ pé bọ́tìnnì tí mo fẹ́ tẹ̀ kò ṣeé tẹ̀. Mo fi wákàtí kún wákàtí ka kóòdù mi láìrí ohunkóhun. Ohun tó gbà mí ni ìlà bíi mélòó kan tí mo fi kún un, kí búráúsà máa ya àwòrán ojú ìwé nígbàkigbà tí ìdánwò bá kùnà, kí sáfà sì tọ́jú àwòrán náà fún mi. Lọ́jọ́ tí mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́ ni mo rí i pé ojú ìwé mi rí bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣí i lórí fóònù: gbogbo àkójọ ọjà ti ká jọ sínú bọ́tìnnì onílà mẹ́ta lókè. Ìwọ̀n 800 sí 600 ni headless Chrome fi ń ṣí fèrèsé rẹ̀ bí a kò bá sọ fún un, láptọ́ọ̀pù mi sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo kọ --window-size=1366,768, 7 nínú 9 náà sì yege lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkẹjọ ni ó dùn mí jù. Nínú àwòrán rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan. Àpótí kéékèèké òfìfo ni ó tò sí ibi tó yẹ kí orúkọ aṣọ wà. Kọ̀nténà Docker, ìyẹn àyíká àdáni tí ìdánwò ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lórí sáfà, tí mo lò kò ní fọ́ǹtì kankan nínú. Àwọn àpótí náà fẹ̀ ju lẹ́tà lọ, wọ́n ti ti bọ́tìnnì sísàlẹ̀, ohun mìíràn sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí gbangba: ìdánwò yòókù tó yege, lórí ojú ìwé tí ọmọ Yorùbá kankan kò lè kà ni wọ́n ti yege, nítorí Selenium ń ka ọ̀rọ̀ láti inú kóòdù ojú ìwé, kò bìkítà bóyá ojú lè rí i. Mo fi àkójọ fọ́ǹtì méjì, fonts-noto-core àti fonts-dejavu-core, sí i.

Ìkẹsàn-án ni ti Ọ̀ffà. Ìdánwò náà ń wá "Ọ̀ffà" nínú àkójọ ìlú, sáfà ń sọ pé kò sí i, èmi sì ń wò ó kedere nínú àwòrán. Lórí láptọ́ọ̀pù, àkójọ tí èmi fúnra mi tẹ̀ ni mo ń lò. Lórí sáfà, àkójọ tí wọ́n fi fóònù tẹ̀ ní ìsọ̀ ni. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ Ọ̀ nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ènìyàn lè kọ́kọ́ kọ Ọ kí ó tó fi àmì ohùn lé e, ó sì lè kọ́kọ́ kọ Ò kí ó tó fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Lójú wa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo sọ ìhà méjèèjì di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà nínú Unicode, kí n tó fi wọ́n wéra, ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè wa ṣe ìkànnì, ẹ tọ́jú èyí dáadáa, nítorí ẹni tó ń wá ìlú rẹ̀ lórí ìkànnì yín lè má rí i pẹ̀lú.

*Ìdáhùn láti Ọ̀ffà*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrònú. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Búráúsà ń ṣí, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ojú ìwé tí àwòrán pọ̀ sí, ó máa ń kú lójijì, àkọsílẹ̀ á sì ní ojú ìwé ti ṣubú. Mo rò pé sáfà kò ní mẹ́mórì tó, mo sì san owó sí i fún èyí tó tóbi jù. Kò yí nǹkan kan padà. /dev/shm, ibi kan nínú mẹ́mórì tí àwọn ètò jọ ń lò, ni wàhálà náà: Docker kì í fún kọ̀nténà ní ju 64 MB lọ níbẹ̀ bí a kò bá béèrè, Chrome sì ń fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà láàárín àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Mo fi --shm-size=1g tan kọ̀nténà, kò kú mọ́. Ẹni tí kò bá ní àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀nténà lè fún Chrome ní --disable-dev-shm-usage, kí ó máa lo /tmp.

*Ìdáhùn láti Òmù-Àrán*

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Òru ni iná sábà máa ń wà ládùúgbò wa, nítorí náà òru ni mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ìdánwò mi kan tó ń wo ọjọ́ tí oníbàárà yóò gba ọjà máa ń kùnà láàárín aago méjìlá òru sí aago kan, yóò sì yege bí mo bá tún un ṣe lárọ̀ọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé aago UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n, ni sáfà ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ìkànnì mi mọ̀ pé Nàìjíríà ni òun wà, kóòdù ìdánwò kò mọ̀, nítorí náà fún wákàtí kan lálaalẹ́, ọ̀kan wà ní òní, èkejì ṣì wà ní àná. TZ=Africa/Lagos, tó ń sọ aago ìlú tí sáfà yóò lò, ni mo fi sínú ètò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ń lo sleep, àṣẹ tó ń dá ìdánwò dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá kan, láti dúró de ojú ìwé?

*Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀*

Àbúrò mi, mo ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó tó lórí láptọ́ọ̀pù mi kì í tó nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí sáfà, bí mo bá sì sọ ọ́ di mẹ́wàá, ìdánwò yóò máa jókòó lásán ní gbogbo ìgbà tí ojú ìwé bá tètè dé. WebDriverWait, irinṣẹ́ ìdúró ti Selenium, ni mo ń lò: mo ń sọ fún un ohun tí mo ń retí, fún àpẹẹrẹ kí bọ́tìnnì ìsanwó ṣeé tẹ̀, ó sì ń tẹ̀síwájú lẹ́sẹ̀ tí ó bá rí i. Ti TZ yẹn kò sí nínú tèmi rárá. Mo ń fi í sí i lálẹ́ yìí, màá sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago méjìlá ààbọ̀ kí n lè fi ojú ara mi rí i.