Ọwọ́ rọ́bà, ìlùkìkì ọkàn, ọmọ ìka ẹsẹ̀: bí ọpọlọ ṣe ń dá ara rẹ̀ mọ̀

Àwọn ìdánwò tó ń fi hàn bí ọpọlọ ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ara ẹni là ń sọ, kálukú wa ń mú tirẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọwọ́ rọ́bà, ìdánwò tó ń mú kí èèyàn máa rò pé ọwọ́ rọ́bà jẹ́ tirẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ń gbìyànjú, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe bàjẹ́. Ẹ wá ọwọ́ òsì tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó tóbi bí ọwọ́ èèyàn, páálí kan tó lè dá dúró, búrọ́ọ̀ṣì ìkunwòrán kékeré méjì, àti aṣọ. Ẹni tí ẹ fẹ́ dán wò yóò gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé tábìlì, páálí yóò sì dí i lójú kó má bàa rí i. Ọwọ́ rọ́bà yóò wà níwájú rẹ̀, kí ìka rẹ̀ kọjú síbi tí ìka ọwọ́ gidi kọjú sí. Ẹ fi aṣọ bo ibi tí rọ́bà ti gé títí dé èjìká. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ra ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀: ìka kan náà, oríkèé kan náà, ìhà kan náà, bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nígbà tí àwọn olùwádìí Botvinick àti Cohen gbé e jáde lọ́dún 1998, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi ra ọwọ́ ẹni 10. Kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó mú èèyàn. Nínú iṣẹ́ tí Ehrsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2004, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11 ló ń gbà. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé orí rọ́bà yẹn làwọn ti ń mọ búrọ́ọ̀ṣì lára.

Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo àkókò. Tí búrọ́ọ̀ṣì kan bá fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá gbẹ̀yìn èkejì, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra: tó bá ti kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ́ńtímítà láàárín ọwọ́ gidi àti ti rọ́bà, ìtànjẹ náà á rọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá dorí ọwọ́ rọ́bà kodò, tàbí tí ẹ yí i síbi tí apá èèyàn kò lè yí sí. Ojú, awọ ara àti oríkèé ló ń jẹ́rìí, ọpọlọ ń wò ó bóyá ẹ̀rí wọn dọ́gba.

Kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí ẹni tí ẹ ń dán wò di ojú, kó sì fi ọwọ́ ọ̀tún wá ìka ìtọ́ka òsì rẹ̀ láti abẹ́ tábìlì. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ á fà sí ìhà rọ́bà.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, gbogbo ètò yẹn pé. Ohun kan ló kù. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kí búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì má bára mu, kí ẹ sì fi èsì méjèèjì wéra. Ẹ má sì sọ ohun tí ẹ ń retí fún ẹni tí ẹ ń dán wò. Lọ́dún 2020, olùwádìí Lush àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè mú kí wọ́n mọ nǹkan lára ni ọwọ́ rọ́bà ń mú jù. Ní tèmi o, ìyẹn kò sọ ìdánwò náà di irọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi ìdáhùn ẹnu nìkan ṣe ẹ̀rí ti gba àbọ̀.

* * *

Ti inú ara ńkọ́, bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀? Kíka ìlùkìkì ọkàn ni wọ́n sábà máa ń lò, láti ọwọ́ olùwádìí Schandry ní 1981. Ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kò fọwọ́ kan ọrùn tàbí ọrùn ọwọ́, ó ń ka ìlùkìkì tó bá mọ̀ lára fún ìṣẹ́jú àáyá 25, lẹ́yìn náà 35, lẹ́yìn náà 45. Ẹ̀rọ ń ka ti gidi lọ́wọ́ kan. Tí ẹ̀rọ bá ka 40, tí òun ka 28, àṣìṣe jẹ́ 12. Ẹ pín in sí 40, ó di 0.30, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.70.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń ṣírò. Ẹni tó mọ̀ pé ọkàn òun ń lù bí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan á kàn ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kàn, á sì gba máàkì tó ga. Ẹ sọ fún un ní tààrà pé: “Èyí tí o bá mọ̀ lára nìkan ni kí o kà, tí o kò bá mọ ọ̀kan, òdo ni kí o sọ.” Kó má sì fẹ̀yìn ti àga, torí ẹ̀yìn àga lè máa dá ìlùkìkì náà padà fún un.

Apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní insula ló ń gba ìròyìn yìí. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi ìmọ́lẹ̀ láti orí awọ ara mú kí ọkàn èkúté lù tó ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tó léwu, èkúté náà túbọ̀ ń ṣọ́ra bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀yìn insula rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ìbẹ̀rù náà rọlẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń mú ọkàn sáré nìkan, ọkàn tó ń sáré náà lè mú ẹ̀rù wá.

* * *

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi ti oríkèé kún un, ìyẹn bí a ṣe ń mọ ibi tí ẹ̀yà ara wa wà láìwò ó. Ẹ ní kí ẹnì kan di ojú, kí ẹ gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ ní mìlímítà díẹ̀, kí ó sọ ibi tó lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ ti mú un, ẹ má mú un láti òkè àti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá tì í láti ìsàlẹ̀, awọ ara ló ń dáhùn, kì í ṣe oríkèé. Àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù.

Púrọ́tíìnì kan tó ń jẹ́ PIEZO2, tí ilé ìwádìí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ardem Patapoutian rí ní 2010, ló ń jẹ́ kí fọ́nrán ìmọ̀lára mọ̀ pé iṣan ń nà. Lọ́dún 2016 ni wọ́n ròyìn ẹni méjì tí kò ní èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń rí iwájú, wọ́n ń rìn. Nígbà tí wọ́n di wọ́n lójú, ẹsẹ̀ kò gbé wọn mọ́. Ti Ian Waterman, ará Bìrìtìkó, jọ ọ́: ní 1971, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, àìsàn pa ìmọ̀lára oríkèé àti ti ìfọwọ́kàn rẹ̀ láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, iṣan rẹ̀ sì ṣì lágbára. Ojú ló fi kọ́ ìrìn tuntun. Tí iná bá kú nínú yàrá, ó ṣubú nìyẹn.

* * *

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2025. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni pé tí wọ́n bá gé ọwọ́, ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gba ààyè ọwọ́ náà nínú ọpọlọ. Àwọn olùwádìí wá ya àwòrán ọpọlọ ẹni mẹ́ta kí wọ́n tó gé apá wọn àti lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lọ tó ọdún 5 lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí wọ́n máa mi ìka tí kò sí mọ́. Àwòrán ọwọ́ náà ṣì wà níbi tó wà, ètè kò sì kó wọlé rẹ̀.