Ta ló ń fi nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wa pe òkè òkun?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa PBX, ẹ̀rọ tó ń pín ìpè tẹlifóònù nínú iléeṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ kọjá agbára mi.

Iléeṣẹ́ wa ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún àwọn oníbàárà. Àwa là ń san owó ìpè náà, kì í ṣe ẹni tó pè. Nígbà tí bíìlì dé, mo rí i pé ìpè kan wọlé sórí nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ní aago méjì òru, kò pẹ́ sí i ni ìpè mìíràn jáde láti orí láìnì wa lọ sí òkè òkun, àwọn méjèèjì sì parí pọ̀. Bó ṣe ń rí lóròòru nìyẹn, nígbà tí kò sẹ́nì kankan ní ọ́fíìsì. Àwa là ń sanwó ìwọlé, àwa náà là ń sanwó ìjáde!

Mo ti pa DISA, ìyẹn ọ̀nà tó ń jẹ́ kí ẹni tó pè wọlé láti ìta lè gba orí láìnì wa pe ibòmíràn. Mo ti yí páswọ́ọ̀dù voicemail (àpótí tí ẹni tó pè ń fi ohùn sílẹ̀ sí) ti gbogbo òṣìṣẹ́ padà (ẹ ò ní gbà gbọ́ iye àwọn tó ń lo 1234). Síbẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní ìpè tó bá ti jáde lọ́dọ̀ wa, àwa la ni gbèsè rẹ̀. N kò sì lè ti ìpè òkè òkun pa pátápátá, torí àwọn tó ń tajà nílò rẹ̀ lọ́sàn-án.

Yàtọ̀ sí DISA àti voicemail, ibo ni ìpè tó wọlé tún lè gbà jáde nínú PBX? Ṣé call forwarding (dídarí ìpè tó wọlé sí nọ́ńbà mìíràn) ni, àbí mẹ́nù tó ń dáhùn fúnra rẹ̀? Kí ni kí n máa wò nínú àkọsílẹ̀ ìpè kí n lè mọ èyí tó jẹ́?